Kí Ló Ń Mú Ọta Tàsé? Àlàyé Lórí Ìbọn Ẹlẹ́tù àti Ọgbọ́n Àwọn Ọdẹ Wa

Mo mọ̀ pé bí ẹ ti gbọ́ àkọlé ọ̀rọ̀ wa tòní, àwọn kan nínú yín yóò ti máa béèrè pé: kí ni ó pa olùkọ́ èdè àti ìbọn pọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ọdẹ wà lára àwọn iṣẹ́ tí ó sọ èdè Yorùbá di ọlọ́rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí ìbọn ti ń ṣiṣẹ́ yóò máa gbọ́ ìjálá lásán ni. Kò níí mọ ohun tí oníjàálá fi ń yangàn, kò sì níí mọ ohun tí ó fi ń bú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní abúlé kan ní ìhà Láláupọn, ní ilẹ̀ Lágelú, ni mo ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ni ó ń tọ́jú wa níbẹ̀. Ìka mẹ́ta péré ni ó wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó láti béèrè, ó sọ ìtàn ọwọ́ náà fún mi. Ní ọdún kan, ìbọn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tàsé. Ó yìn ín sí èsúró, kò bà á. Ó yìn ín sí ọ̀yà, ọ̀yà rìn lọ. Ó wá gbà pé ẹ̀tù ni kò tó. Ó fi kún un, kò bà. Ó tún fi kún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ẹ̀bá odò, ó fa apátí, irin ìbọn sì là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìbọn yẹn kò tàsé mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi gan-an ni ó bà."

Mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi bu ẹ̀tù tó bẹ́ẹ̀?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, mo ṣe bí agbára ni kò tó."

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò bí Bàbá Ọdẹ ti rò, pé bí ọta bá tàsé, àìtó agbára ni ó fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Agbára ni ó ń gbé ọta jìnnà. Kì í ṣe agbára ni ó ń mú kí ó bà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan yẹ̀ wò, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹtu ni ẹranko kékeré kan nínú igbó. Ẹtù ni ẹyẹ abìyẹ́ tótòtó tí àwọn mìíràn ń pè ní awó. Ẹ̀tù sì ni ìyẹ̀fun dúdú tí ń jó nínú ìbọn. Ọdẹ lè fi ẹ̀tù pa ẹtu, kí ó sì fi pa ẹtù. Ẹni tí ó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láìfi àmì sí i ti dá ìjà sílẹ̀ nínú igbó. Bákan náà ni ọta, tí í ṣe ohun tí ń jáde lẹ́nu ìbọn, yàtọ̀ sí ọ̀tá, tí í ṣe ẹni tí a ń bá jà. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìbọn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ abúlé, láti Ìròkò àti Ìjàyè ní Akínyẹlé títí dé Akànrán ní Ọ̀nà-Ará, ni ṣakabùlà. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki í. A ó kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i, a ó fi àkísà dí i, a ó fi ọ̀pá ìkibọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó tó ki ọta sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pe irú ìbọn yìí, nítorí pé àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tí ó ń kó o wá sí etíkun wa láyé àtijọ́. Nígbà tí ó yá, ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ó ń rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà kọ́ ọ, wọ́n sì ń rọ ọ́ títí di òní.

Ìbọn yìí ti dá sí ìtàn wa gan-an. Òun ni ó dún láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860 títí di 1862, nígbà tí ìlú Kúrunmí fi tú. Òun ni àwọn ará Ìbàdàn kọ́kọ́ gbójú lé nígbà ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun náà wọ nǹkan bí ọdún mélòó kan, àwọn Èkìtìpàrapọ̀ rí ìbọn tuntun rà láti Èkó, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Snider. Ìdí ni a ti ń ki ti wọn, kì í ṣe ẹnu, ilà sì wà nínú ihò rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè dúró dè, wá rí i pé ọta ń bà wọ́n láti ibi tí ọta tiwọn kò lè dé. Ẹ kíyè sí i o: àwọn jagunjagun náà kò ya ọ̀lẹ. Irin tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tàfá Adéoyè ará Akànrán sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn, ṣakabùlà náà ni ó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ó yá, kí ni ó ń mú ọta ṣakabùlà tàsé? Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a dì mú.

Èkínní ni ààyè tí ó wà láàárín ọta àti ihò ìbọn. Nítorí pé láti ẹnu ni a ti ń ki ìbọn yìí, ọta ní láti kéré díẹ̀ sí ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò níí wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ̀tù bá wá gbiná, ọta kì í jáde ní ọ̀nà tààrà. Yóò máa lu ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, yóò máa lu ẹ̀gbẹ́ òsì, bí ọmọdé tí ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ń fi èjìká gbá ògiri. Ìhà tí ó bá fi ara gbá kẹ́yìn ni ó ń sọ ibi tí yóò yà sí, tí yóò sì tún sọ bí yóò ti máa yí nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Benjamin Robins, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1742. Nínú ìdánwò rẹ̀, ó ta ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú ọ̀nà lẹ́sẹẹsẹ, ó yìnbọn gba àárín wọn kọjá, ó sì wo ibi tí ọta ti dá ihò sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ọta ń tẹ̀ lọ́nà, àti pé bí ó ti ń jìnnà sí i ni títẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ohun tí ó fi wò ó ni ilà tí ó lọ́ yípo nínú ihò ìbọn, èyí tí ń mú kí ọta yí ní ojú kan náà nígbà gbogbo, bí òkòtò tí ó yí tí kò sì ṣubú. Irú ilà bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìbọn àwọn Èkìtìpàrapọ̀. Ṣakabùlà kò ní in.

Èkejì ni àìdọ́gba ẹ̀tù àti ọta. Ọdẹ tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹ̀tù, tí ó bu púpọ̀ lónìí, tí ó bu díẹ̀ lọ́la, ti ní ìbọn méjì lọ́wọ́ láìmọ̀. Ọta òní yóò lọ sókè, ti ọ̀la yóò lọ sílẹ̀. Bí ó bá tún jẹ́ pé àfọ́kù irin oríṣiríṣi ni ó fi ṣe ọta, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan onígun, olúkúlùkù wọn yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọta òjé tí ó rí roboto, tí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, ni ó ń rìn pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbin. Ẹ̀tù dúdú kì í jó tán. Nínú gbogbo ìwúwo rẹ̀, ohun tí ó ju ìdajì lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan a bá èéfín funfun jáde, apá kan a sì lẹ̀ mọ́ inú ihò ìbọn. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ̀gbin yìí a gbẹ, a sì le koko; ní ìgbà òjò, a fa omi mọ́ra, a sì mú kí irin dípẹtà. Ihò ìbọn tí ó mọ́ nígbà tí a yìn ín lẹ́ẹ̀kínní kì í ṣe ihò kan náà nígbà tí a bá yìn ín lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ọdẹ fi ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìbọn wọn, tí wọ́n ń nù ún gbẹ, tí wọ́n sì ń fi epo díẹ̀ pa á lára. Àwọn ọmọdé rò pé ìbọ Ògún nìkan ni. Ìbọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà nínú ìbọ náà.

Ẹ̀kẹrin ni ọdẹ fúnra rẹ̀. Nínú ìbọn olókùúta, iná kọ́kọ́ ń ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọdẹ kí ó tó wọ inú lọ bá ẹ̀tù. Ìṣẹ́jú àáyá kò pé láàárín méjèèjì, síbẹ̀ ó tó fún ènìyàn láti ṣẹ́jú, kí orí fà sẹ́yìn, kí ẹnu ìbọn sì yẹ̀. Nígbà tí àlùfáà ará Skọ́tíláǹdì kan, Alexander Forsyth, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1807 lórí ọgbọ́n fífi òòlù kékeré lu èròjà tí ń gbiná lójú ẹsẹ̀, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú fìlà kékeré tí a fi bàbà ṣe, àlàfo náà kúrú jọjọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n irin tí ó lè wo ẹni tí ń ṣẹ́jú kí ìbọn tó dún. Ìfarabalẹ̀ nìkan ni ó lè wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹbí ṣakabùlà kan tí ó wà lókè òkun, kí a lè rí ohun tí ó fi kọ́ wa. Ní 1836, Samuel Colt, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí ìbọn ìléwọ́ kan tí ń yí. Àgbá kékeré kan ni ó wà láàárín rẹ̀, tí a dá ihò márùn-ún sí, tí ó sì wá di mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ihò kọ̀ọ̀kan ni a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí. Bí a bá ti fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, àgbá náà yóò yí, ihò mìíràn yóò sì bọ́ síwájú. Ẹ̀tù dúdú kan náà ni ó ń jó nínú rẹ̀, ẹ̀gbin kan náà ni ó sì ń fi sílẹ̀. Títí di òní ni àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù tí ń fi irú ìbọn yìí díje níbi tí a ti ń yìn ín sí ojú àmì, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi máa bà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé ọta òjé tí ó fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ ni ó dára nínú ìbọn wọn. Bí a bá fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wọlé, etí ihò yóò gé òrùka òjé tínínrín kúrò lára rẹ̀, ọta yóò sì há pinpin, kò níí sí ààyè fún un láti máa ta gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n rí i pé ọ̀rá díẹ̀ níwájú ọta a máa jẹ́ kí ẹ̀gbin rọ̀. Wọ́n rí i pé ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í sábà rí bákan náà: ọ̀kan lè má kọjú sí ẹnu ọ̀nà gẹ́lẹ́, ọta rẹ̀ yóò sì máa yà. Ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn a sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan, a yìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ojú àmì, a sì mọ èyí tí ó jẹ́ aláìgbọràn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn kì í yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá dín ẹ̀tù kù lónìí, wọn kò níí fọwọ́ kan ọta. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ọta lọ́la, ẹ̀tù yóò dúró bí ó ti wà. Nípa báyìí ni wọ́n fi ń mọ ohun tí ó fa ohun tí wọ́n rí. Lọ́pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ń rí i pé ẹ̀tù tí kò kún ihò ìbọn tán ni ó ń bà jù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ǹjẹ́ ẹ rí i pé ẹ̀kọ́ ìwádìí ni a ń kọ́ yìí? Bí Bàbá Ọdẹ bá ti fọ ihò ìbọn rẹ̀ kí ó tó fi ẹ̀tù kún un, bóyá ìka rẹ̀ ì bá pé márùn-ún. Ẹ̀gbin ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹ̀tù ni ó ń bá wí. Bí ẹ̀gbin bá ti fún ihò pọ̀, tí a sì wá bu ẹ̀tù lé ẹ̀tù, ibo ni agbára náà yóò gbà jáde? Ewu yìí sì tún pọ̀ jù lára àwọn ìbọn tí a fi páìpù omi tàbí irin ara ọkọ̀ rọ, nítorí pé a kò ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀tù lè máa bú gbàmù nínú rẹ̀.

Kí ni àwọn ọdẹ wa wá ń ṣe sí ìbọn tí kò ní ilà, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní ibi tí a ń gbé ojú lé? Wọn kò bá a jà. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe ohun tí irin kò lè ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn náà kò ṣe é gbójú lé bí ọ̀nà bá jìn, nítorí náà wọ́n ń rìn sún mọ́ ẹran. Wọ́n ń gba abẹ́ afẹ́fẹ́ wá kí ẹran má baà gbóòórùn wọn. Wọ́n ń gun ẹ̀gùn lórí igi, wọ́n sì ń dúró kí ẹran ó wá fúnra rẹ̀. Wọ́n ń lo ìdérí ìgò tàbí ìkarahun kan náà láti wọn ẹ̀tù nígbà gbogbo. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àgbà ọdẹ kan ní ìhà Bádẹ̀kù pé, "Ẹni tí ó sún mọ́ ẹran kò níí gba ìbọn rẹ̀ ní ẹjọ́." Gbogbo ohun tí Robins kọ sínú ìwé ni bàbá yìí fi gbólóhùn kan sọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ bíbà àti títàsé ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹran jíjẹ. Lóde òní, ilé ti gba oko. Ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú, ibi tí ó jẹ́ oko kòkó nígbà tí mo wà ní kékeré ti di àdúgbò onílé. Ọta tí ó tàsé láyé àtijọ́ a lọ wọ inú igi. Ọta tí ó tàsé lónìí lè wọ ojú fèrèsé. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020 ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó ti di ẹni tí ń ṣọ́ ìlú ní òru. Ìbọn tí a rọ nítorí ẹran ti wọ àárín ènìyàn. Ọdẹ tí ó gbé iná sí orí, tí ó rí ojú méjì tí ń tàn nínú òkùnkùn, ojú nìkan ni ó rí. Ó lè jẹ́ ojú ẹtu. Ó lè jẹ́ ojú ewúrẹ́ opó kan tí kò ní òmíràn. Ó sì lè jẹ́ ojú ajá tí olówó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àgbà ọdẹ kì í fi fa apátí títí yóò fi rí ara tí ó ni ojú. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń sun ìbọn sí, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọta bá bà, tí kò sì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó bà, títàsé tí ó burú jù lọ nìyẹn.

Òfin náà kò gbàgbé ìbọn yìí. Òfin Ìbọn ti 1959 dá abala kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ó sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní in láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn kan ń sọ pé ìbọn àwọn baba wa kò nílò ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Bí ẹni tí a dojú ìbọn kọ kò bá wo ti apátí, ìjọba náà kò níí wo ti ọjọ́ orí ìbọn.

N ó fi ọ̀rọ̀ èdè kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Bí ọdẹ bá gbé ìbọn sójú, tí ó wo ọ̀kánkán ẹran, a ní ó fojú sùn ún. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí ìfojúsùn, tí a ń lò lónìí fún ohun tí ènìyàn ń lépa. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ ìfojúsùn ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni ó ń sọ. Bí àwọn ọmọ kò bá wá mọ ẹ̀kọ́ náà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé kí a fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù: kí a pariwo sí i, kí a fi pàṣán kún un. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ihò ìbọn ná. Bóyá ẹ̀gbin ni ó wà níbẹ̀. Bóyá a jìnnà jù sí wọn.

Bàbá Ọdẹ ti kú. Ìbọn tí ó rà lẹ́yìn èyí tí ó là lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ilé wa, ihò rẹ̀ mọ́ kedere, ìdérí ìgò tí ó fi ń wọn ẹ̀tù sì wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹran pẹ̀lú ìdérí kan ṣoṣo náà. Kò fi kún un mọ́.